Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà: Ilé Ẹjọ́ Darfur Tí Ẹ Tẹ́wọ́ Gbà ní Abuja Dà?

Sí Alága Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, AU, àti gbogbo ẹ̀yin olórí orílẹ̀-èdè tó ń pàdé ní Addis Ababa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. N kò ní fi ìkíni dá yín lágara. Ọ̀rọ̀ Darfur, ìhà ìwọ̀-oòrùn Sudan, ni mo gbé wá, àti ọ̀rọ̀ ìwé kan tí ẹ tẹ́wọ́ gbà ní Abuja ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2009, tí ẹ sì tì mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ni ìbéèrè tí mo fẹ́ bi yín. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi.

Ọmọ Ìlọrin ni mí. Ilé kéú ni wọ́n ti fi wàláà lé mi lọ́wọ́, Lárúbáwá ló sì gbé mi dé Khartoum, níbi tí mo ti lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì. Lẹ́bàá géètì ilé tí àwa ọmọ Nàìjíríà ń gbé, lábẹ́ igi dóńgóyárò kan, ìyá kan máa ń tẹ́ àtẹ tíì sí. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń jókòó lé, ààrò èédú kan wà níwájú wọn, pẹ̀lú kẹ́tùlù méjì tí ìdí wọn ti dú kirikiri, àti agolo tí wọ́n kó ata ilẹ̀, kànáfùrù àti ṣúgà sí. Khaala là ń pè wọ́n, bí àwọn ará Sudan ṣe ń pe arábìnrin ìyá ẹni. Àwọn náà ń pè mí ní Fallata, orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo àwa tá a ti ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ, Hausa ni o, Yorùbá ni o. Wọ́n máa ń tà fún wa láwìn. Wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n ní ṣọ́ọ̀kì kan, ẹ̀yìn pákó àtẹ wọn ni wọ́n sì ń fa ilà sí. Olúkúlùkù ló ní igun tirẹ̀. Igun tèmi wà lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó kan tó yọrí síta. Ife tíì kan, ilà kan. Bí mo bá ti san, wọn á fi itọ́ sí àtàǹpàkò, wọn á nù ún.

Ẹ̀yà Masalit ni Khaala. Abúlé wọn wà ní ìwọ̀-oòrùn Darfur, kò jìnnà sí ẹnubodè Chad. Ẹnikẹ́ni tó bá mu tíì ní Khartoum láwọn ọdún yẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọwọ́ obìnrin tí ogun lé kúrò nílé ló ti gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún mi bí àwọn ṣe dé Khartoum, wọ́n sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ọjà tó kù lórí àtẹ. Ọkọ̀ òfuurufú ló kọ́kọ́ wá láàárọ̀, ó ju bọ́ǹbù. Ẹ̀yìn rẹ̀ làwọn tó gun ẹṣin àti ràkúnmí dé. Wọ́n pa àwọn ọkùnrin, wọ́n kó màlúù lọ, wọ́n ju òkú sínú kànga kí ẹnikẹ́ni má baà padà wá mu omi níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí kànga, Lárúbáwá tán lẹ́nu Khaala. Wọ́n yà sí èdè Masalit. Èmi tí mo ń kàwé gboyè nínú èdè kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Mo di ife mú títí tí wọ́n fi dákẹ́.

Ní oṣù Keje ọdún 2013, ààwẹ̀ Ramadan ti wọlé, alẹ́ nìkan ni wọ́n ń ta tíì. A ti kírun tán, rédíò kékeré kan sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ìròyìn ní Ààrẹ Omar al-Bashir ti dé láti Abuja, níbi ìpàdé tí ẹ̀yin AU pè lórí àrùn éèdì. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin nígbà náà tí ilé ẹjọ́ àgbáyé tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, ICC, ti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ pé kí orílẹ̀-èdè tó bá rí i mú un. Khaala gbé kẹ́tùlù kalẹ̀.

“Nàìjíríà ni tìrẹ, àbí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ̀yin ò ní ọlọ́pàá ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, torí mo rò pé àpárá ni. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ojú mi, wọ́n ń retí èsì, bí ènìyàn ṣe ń béèrè ọ̀nà ọjà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. N kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá sí Addis Ababa, torí ìjọba Nàìjíríà ṣàlàyé nígbà tó yá pé òun kọ́ ni òun pè é, pé ìpàdé AU ló bá wá. Ẹ̀yin ni ẹ ni àlejò.

Ẹ jẹ́ ká ka Abuja bó ṣe rìn, torí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ Darfur gba ibẹ̀ kọjá. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, nígbà tí ìjọba Sudan àti apá kan nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀ fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà lójú Ààrẹ Ọbásanjọ́. Àlàáfíà náà kò bímọ. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ti 2009 tí mo ní n ó padà sí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ti ààwẹ̀ ọdún 2013 tí Khaala fi bi mí léèrè.

Ọdún 2009 ni gbọ̀ngbò ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún yẹn ni ICC ní kí wọ́n mú Bashir fún ìwà ọ̀daràn ogun àti ìwà ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn. Ní oṣù Keje 2010, wọ́n fi ẹ̀sùn ìpẹ̀yàrun kún un, pé ó fẹ́ pa àwọn Fur, Masalit àti Zaghawa run. Òun ni olórí orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó wà lórí oyè tí ilé ẹjọ́ náà ní kí wọ́n mú. Inú bí yín. Ní Sirte ní Libya, ní oṣù Keje 2009, ẹ pinnu pé kí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan má bá ICC lọ́wọ́ sí mímú un. Ìdí tí ẹ mú wá nígbà náà kò ṣàjèjì sí mi. Èmi náà ti jókòó nínú yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo ti pariwo pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọ Áfíríkà nìkan ni wọ́n ń rí mú. Ìgbìmọ̀ Ààbò Àgbáyé ló gbé ẹjọ́ Darfur lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2005, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà tí wọ́n ní ìjókòó tí kò lè yẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà kò gbà kí ilé ẹjọ́ kan náà dá ẹjọ́ tiwọn. Ọ̀rọ̀ yín mọ́gbọ́n wá. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Àmọ́ ẹni tó bá ní kí aládùúgbò má bá òun nà ọmọ òun, òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó mú ọmọ náà jókòó. Ẹ mọ èyí, torí náà ni ẹ ṣe rán Thabo Mbeki, ààrẹ South Africa tẹ́lẹ̀, àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ lọ sí Darfur. Wọ́n lọ, wọ́n jókòó ti àwọn ìjòyè, àwọn obìnrin àti àwọn tó wà ní àgọ́, wọ́n sì kọ ìwé wá. Ìwé náà sọ pé kí a dá ilé ẹjọ́ alámùúlùmálà sílẹ̀, tí adájọ́ ọmọ Sudan àti adájọ́ láti ibòmíì ní Áfíríkà yóò jọ jókòó níbẹ̀, láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọ̀daràn tó tóbi jù. Àbá tó dáa ni. Ó dá àwọn tó ń pariwo ICC lóhùn, ó sì dá àwọn tó ń sunkún ní Darfur náà lóhùn. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 2009, ní Abuja, ìgbìmọ̀ àlàáfíà àti ààbò yín fọwọ́ sí i.

Láti ọjọ́ náà títí di òní, ilé ẹjọ́ yẹn kò ní àga kan ṣoṣo. Kò ní adájọ́, kò ní akọ̀wé, kò ní pátákó ìta.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àkókò yẹn. Ní ọdún 2013 kan náà tí Bashir lọ sí Abuja tó bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ìjọba rẹ̀ kó àwọn Janjaweed, àwọn ajagun orí ẹṣin àti ràkúnmí tó jó Darfur, jọ, wọ́n fún wọn ní aṣọ, ọkọ̀ àti orúkọ tuntun: Rapid Support Forces, RSF. Mohamed Hamdan Dagalo tí gbogbo ayé ń pè ní Hemedti ni wọ́n fi ṣe olórí wọn. Ní oṣù Kẹfà 2015 ẹ tún pe Bashir sí ìpàdé ní Johannesburg. Ilé ẹjọ́ gíga ní Pretoria pàṣẹ pé kó má kúrò nílùú. Kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ náà parí, bàálù rẹ̀ ti gbéra ní pápá òfuurufú àwọn ológun. Àwọn ará Sudan fúnra wọn ló lé e kúrò lórí oyè ní oṣù Kẹrin 2019. Wọ́n dá ẹjọ́ owó jíjẹ fún un, wọ́n fún un ní ọdún méjì. Ìjọba fìdíhẹ ní àwọn yóò fà á lé ICC lọ́wọ́, kí wọ́n tó fà á, àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù Kẹwàá 2021. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 2023, ọ̀gágun Burhan, olórí àwọn ọmọ ogun ìjọba, àti Hemedti tí wọ́n jọ gba ìjọba kọjú ìbọn síra wọn, àárín Khartoum di pápá ogun. Ahmed Harun, mínísítà Bashir nígbà kan, ẹni tí ICC ti ń wá láti 2007, jáde kúrò ní ẹ̀wọ̀n Kober bí ẹni jáde nílé ìtura.

Àwọn àbúrò wa tó ń kàwé ní Khartoum wà lára àwọn tó sá gba aṣálẹ̀ lọ sí ẹnubodè Íjíbítì nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ìyá ní Ìlọrin àti Ìbàdàn ni kò sùn lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n àwa ní ibi tí a lè sá padà sí.

Ní El Geneina, olú ìlú Masalit, kò sí ibi tí wọn yóò sá sí àfi Chad. Láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà 2023, RSF àti àwọn ọmọ Lárúbáwá tó bá wọn jà ń wá ẹni tó jẹ́ Masalit láti ilé dé ilé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, gómìnà ìpínlẹ̀ náà, Khamis Abbakar, sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó bẹ ayé pé kí wọ́n gba àwọn ènìyàn òun là. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n mú un tí wọ́n sì pa á. Lọ́jọ́ kejì, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn mú ọ̀nà Adré ní Chad pọ̀n, wọ́n sì ń yìnbọn pa wọ́n lójú ọ̀nà. Àwọn ògbóǹtarìgì tí Àjọ Àgbáyé rán kà á pé ẹni 10,000 sí 15,000 ni wọ́n pa ní ìlú kan ṣoṣo yẹn lọ́dún náà.

Lẹ́yìn náà ni El Fasher, ìlú ńlá ní àríwá Darfur. Ó lé ní ọdún kan tí RSF fi dó ti ìlú náà. Oúnjẹ tán pátápátá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ambaz. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ambaz jẹ́ fún ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí nílé: ìyókù ẹ̀pà ni, èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún òróró rẹ̀ tán. Ohun tí àwa fi ń ṣe kúlíkúlí nìyẹn, tí à ń jù sínú gaàrí tútù lọ́sàn-án. Ní Sudan, ẹran ni wọ́n ń fún jẹ. Ènìyàn ń tò fún un ní El Fasher. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2025 ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ RSF. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ni pé ó lé ní 460 aláìsàn àti àwọn tó ń tọ́jú wọn tí wọ́n pa ní ilé ìwòsàn ìgbẹ̀bí kan ṣoṣo. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale tó ń wo àwòrán sátẹ́láìtì rí àbàwọ́n pupa lórí ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó jọ òkú ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ tí ènìyàn lè rí láti ojú ọ̀run nìyẹn, ẹ̀yin àgbà.

Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ yìnbọn. Mo mọ̀. Àwọn tó sì ń fún àwọn oníbọn lówó àti ohun ìjà wà lókè òkun, wọ́n sì ń sọ pé àwọn kọ́. Sudan gbé Ilẹ̀ Àwọn Emirate (UAE) lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé kejì, ICJ, tó ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín orílẹ̀-èdè, lórí ẹ̀sùn yìí, ilé ẹjọ́ náà ní òun kò ní àṣẹ láti gbọ́ ọ ní oṣù Karùn-ún 2025, ó tán. Èyí tí mo bá yín wí ni pé àwọn tó pa Masalit ní 2003 ló tún padà wá pa Masalit ní 2023. Ọ̀nà kan náà ni, ẹ̀yà kan náà ni, àwọn ọ̀gá míì gan-an kò yí padà. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé aṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá òwe yẹn jiyàn. Ní Darfur wọn kò pa á mọ́, wọ́n sì ṣe é gbé. Àwọn ọmọ ogun RSF fi fóònù ya fídíò ara wọn níbi tí wọ́n ti ń pànìyàn, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ káàkiri. Ẹni tó mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀ wá mú òun kì í ya fídíò.

Ẹnìkan ti jẹ́jọ́, ká má parọ́. Ali Kushayb, ọ̀kan lára àwọn olórí Janjaweed, tó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ ní Central African Republic ní 2020. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nílé ẹjọ́ fún un ni pé òun kọ́ ni Ali Kushayb, pé oníṣòwò oògùn lásán ni òun. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá 2025, ICC ní ó jẹ̀bi ẹ̀sùn 27, lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kodoom, Bindisi, Mukjar àti Deleig ní 2003 àti 2004. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n ogún ọdún. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ló gbà kí ẹjọ́ ẹnìkan tó parí, ẹ̀sùn ìpẹ̀yàrun kò sì sí lára tirẹ̀ rárá. Ẹni tí ẹ̀sùn ìpẹ̀yàrun wà lọ́rùn rẹ̀ ṣì wà ní Sudan, lọ́wọ́ àwọn ológun, ó ń darúgbó lọ.

Bóyá ẹ óò sọ pé ilé ẹjọ́ tí àwọn ọmọ Áfíríkà dá sílẹ̀ fúnra wọn kò ṣeé ṣe. Ẹ̀yin fúnra yín ti ṣe é rí o! Ní Banjul, ní oṣù Keje 2006, ẹ ní kí Senegal dá ẹjọ́ Hissène Habré “ní orúkọ Áfíríkà”. Ó pẹ́, ó fà, Senegal ń fi òní dónìí fọ̀la dọ́la, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ náà ṣí ní Dakar ní 2013. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún 2016, Adájọ́ Gberdao Gustave Kam, ọmọ Burkina Faso, wo ojú ẹni tó ti jẹ́ ààrẹ Chad rí, ó sì sọ fún un pé ẹ̀wọ̀n gbére ni. Adájọ́ ọmọ Áfíríkà, ní ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí òyìnbó tó lè fi ìyẹn fẹlá.

Ẹ sì mọ ẹni tó kọ́kọ́ kó ẹ̀rí ẹjọ́ náà jọ? Kì í ṣe agbẹjọ́rò. Souleymane Guengueng ni, akọ̀wé owó ní àjọ tó ń bójú tó Adágún Chad, tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n lábẹ́ Habré. Ó búra nínú ẹ̀wọ̀n pé bí òun bá jáde láàyè, òun yóò wá ìdájọ́. Ó jáde, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kọ ọ̀rọ̀ ẹni 792 sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ wọn, ó kó ìwé náà pamọ́ sílé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé tó wà nílé akọ̀wé owó kan ló sọ ààrẹ di ẹlẹ́wọ̀n. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún yín pé kí ẹ má dúró de ìgbà tí ìbọn bá dákẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí wà ní àwọn àgọ́ Adré ní Chad lónìí. Ẹ rán àwọn tó máa gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ bá wọn kí àìsàn àti ogbó tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Kí ẹ sì rán ògbufọ̀ tó gbọ́ Masalit, tó gbọ́ Fur, tó gbọ́ Zaghawa. Ẹ má fi Lárúbáwá nìkan lọ. Mo ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí kànga.

Ẹ̀bi kan wà lára ti Dakar tí ẹ kò gbọ́dọ̀ tún ṣe. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú tó lé ní bílíọ̀nù 82 owó sẹ́fà fún àwọn 7,396 tí Habré fìyà jẹ. Ẹ̀yin ni ẹ ó dá àpò owó náà sílẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn arúgbó ń kú níkọ̀ọ̀kan ní N'Djamena, wọn kò rí kọ́bọ̀ láti inú àpò náà; nígbà tí owó kan máa wọlé ní 2024, ìjọba Chad ló pín in, kò sì tó nǹkan. Torí náà, bí ẹ bá máa ṣí ilé ẹjọ́ Darfur, ẹ kọ́kọ́ ṣí àpò owó. Wúrà Darfur ń jáde lójoojúmọ́, àwọn tó ń rà á ní orúkọ, wọ́n ní ilé ìfowópamọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Kí ilé ẹjọ́ náà má sì ṣe ti RSF nìkan. Bàálù ìjọba ló ju bọ́ǹbù sí ọjà Tora ní àríwá Darfur ní oṣù Kẹta 2025, ní ọjọ́ ọjà, lórí àwọn tó wá ra iyọ̀ àti ọkà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ilé ẹjọ́ gbè sẹ́yìn Burhan tàbí Hemedti, kó má wulẹ̀ ṣí i.

Ẹ ní àṣẹ. Abala kẹrin nínú òfin tí ẹ fi dá AU sílẹ̀ sọ pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, bí ó bá jẹ́ ti ìwà ọ̀daràn ogun, ìpẹ̀yàrun tàbí ìwà ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn. Lẹ́yìn ìpẹ̀yàrun Rwanda ni ẹ kọ ọ́, ẹ sì mọ ìdí tí ẹ fi kọ ọ́. Gambia, tí gbogbo rẹ̀ kò ju etí odò kan lọ, gbé Myanmar lọ sí ICJ yẹn ní 2019 nítorí àwọn Rohingya tí kò bá wọn tan. Yàtọ̀ sí Sudan fúnra rẹ̀, nínú gbogbo ẹ̀yin olórí márùndínlọ́gọ́ta tó ń jókòó ní gbọ̀ngàn yẹn, kò tíì sí ẹnìkan tó dìde báyẹn nítorí Masalit.

Àwọn ọmọ ogun yín pàápàá ẹ kò gbèjà wọn. Ní Haskanita, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 2007, nínú ààwẹ̀ náà ni, bí oòrùn ṣe wọ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣínu, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ àgọ́ àwọn ọmọ ogun AU tó ń ṣọ́ àlàáfíà, wọ́n pa ẹni 12. Ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n gbé pósí wọn wálé, wọ́n fun fèrè, ó parí. Títí dòní ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ̀bi rẹ̀ nílé ẹjọ́ kankan.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba àwíyé púpọ̀. Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ gbé ìwé Mbeki jáde, ẹ gbọn eruku rẹ̀, ẹ kà á sókè, kí ẹ sì dá ọjọ́ fún un. Ẹ fagi lé ìpinnu Sirte kó hàn sí gbogbo ayé pé kò sí àlejò tí ìwé ìpè yín lè dáàbò bò lọ́wọ́ ọlọ́pàá mọ́. Bí ẹ bá wá ń wá ibi tí ilé ẹjọ́ náà yóò wà, Dakar ti ní ìrírí, Arusha ti gbọ́ ẹjọ́ Rwanda. Àwọn adájọ́ pọ̀ nílẹ̀ yìí.

Nọ́ńbà Khaala kò lọ mọ́ láti oṣù Kẹrin 2023. Mo gbọ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn alátíì àdúgbò yẹn ló kúrò, àwọn kan gba ìlà-oòrùn, àwọn kan sì padà sí ìhà Darfur kí ọ̀nà tó dí. Lọ́jọ́ tí mo kúrò ní Khartoum, bàálù ń dúró, n kò ní ṣénjì lọ́wọ́, ilà mẹ́rin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó yẹn. Wọ́n ní kí n máa lọ, kí n san án bí mo bá padà.

Bí àwọn tí ẹ bá rán lọ sí Adré bá rí ìyá Masalit kan tó ní ààrò tíì níwájú, tó ní ṣọ́ọ̀kì lápò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé Fallata ará Ìlọrin ní òun kò gbàgbé owó ife mẹ́rin. Bí wọ́n bá sì tún béèrè ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ẹ̀yin ni kí ẹ dá wọn lóhùn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Ìlọrin kan tó kàwé ní Khartoum